Bárakú àti Wèrè Tó Wọjà: Ìtàn Ìtọ́jú Ẹni Tí Àìsàn Méjì Dìmú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí mo fi ní kí a jókòó, kí a sọ ọ́.

Ọjà Ìkàrẹ́ ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ará Àkókó ló mọ̀ pé oríta ni Ìkàrẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ yóò gba Àkùngbá wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Kàbbà àti Lọ́kọ́ja yóò gba ibẹ̀ jáde. Ilẹ̀ Ẹdó náà kò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan máa ń jókòó sí ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Aṣọ ara rẹ̀ ti gbó kanlẹ̀, irun orí rẹ̀ ti di dàda àìròtẹ́lẹ̀, a sì máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ a máa fún un ní ìdajì sìgá, wọ́n a sì máa bu páragà fún un nínú ife kékeré kí wọ́n lè rí i rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní igbó ló mu tó yí i lórí. Àwọn mìíràn ní orí rẹ̀ ti kọ́kọ́ dàrú kó tó di pé ó mu igbó. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò mú un lọ gba ìtọ́jú, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì dá mi lóhùn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: “Ó ti wọjà.”

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá mi ní lọ́kàn. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé bí wèrè bá ti fi ẹsẹ̀ kan ọjà, kò ṣeé wò mọ́. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú pàápàá lè kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di ẹni tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀dá èdè jẹun, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ìdájọ́ méjì ni èdè wa dá fún ọkùnrin yẹn, pé kò sí ibi tí ó lè yà sí láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ méjì tó ti dá ẹjọ́ tán

Ọ̀rọ̀ kìíní ni “wọjà” tí a ti sọ yìí. Ọ̀rọ̀ kejì ni “bárakú”. Bí a bá tú u palẹ̀, ó hàn pé “bá ara kú” ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà: ohun tí yóò bá ara dé ibojì. A máa ń sọ pé ọtí ti di bárakú fún lágbájá, pé igbó ti di bárakú fún tàmẹ̀dù. Ẹ ṣàkíyèsí i pé orúkọ náà ti sọ òpin àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Wèrè tó wọjà kò ṣeé wò. Bárakú, ikú ni yóò yà á kúrò lára. Ẹni tí méjèèjì bá wá dìmú ńkọ́?

Èdè wa ní orúkọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni wèrè tàbí asínwín. Ẹni tó ń mu ọtí lámujù ni ọ̀mùtí. Ẹni tó ń mu igbó ni amugbó: a-mu-igbó. Orúkọ ewé náà fúnra rẹ̀ gba àròjinlẹ̀, nítorí igbó tí a ń pè é náà ni igbó tí ẹranko ń gbé, ohùn kan náà, àmì kan náà. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú èdè Yorùbá fún ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ tí ó tún ní bárakú. Ó ní láti jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá pè é ní wèrè, a ó káàánú rẹ̀, a ó sì wá oníṣègùn lọ. Bí a bá pè é ní amugbó, a ó bú u, a ó ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, a ó sì ké sí ọlọ́pàá. Èwo nínú orúkọ méjèèjì ni àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ mú? Èyí tí wọ́n bá mú ni yóò sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbé aláìsàn náà gbà.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn hàn yín lónìí ni pé kì í ṣe èdè nìkan ló pín ènìyàn kan ṣoṣo sí méjì báyìí. Òfin ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù wá lọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ojú wọn tó là.

Ewé tí ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀

Kí òyìnbó tó dé, ilé oníṣègùn ni a ń gbé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ. Ìtọ́jú náà ní apá tó dára, ó sì ní apá tó korò. Apá tó korò ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti pàṣán lẹ́yìn. Apá tó dára ni pé aláìsàn ń gbé nínú ilé tí ènìyàn ń gbé, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́, wọ́n sì ń fún un ní oògùn tó ṣiṣẹ́ ní tòótọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ewé náà ni asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ rẹ̀ sọ ara rẹ̀: igi tó so kí ẹyẹ lè rí nǹkan jẹ. Ẹ̀yà igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rauvolfia vomitoria ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn máa ń lò fún wèrè tó ń ja, tí kò sì rí oorun sùn. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine láti ara ẹ̀gbọ́n igi yìí tó ń hù ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn dókítà ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àrùn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Dókítà Raymond Prince, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí ọdún 1950 sí 1959, bẹ ọ̀pọ̀ oníṣègùn Yorùbá wò, ó sì kọ ìwé jáde ní ọdún 1960 lórí bí wọ́n ṣe ń lo igi náà. Kí á má ṣe tan ara wa o: bí a bá lò ó lálòjù, ó lè fa ìfúnpá sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè mú ìbànújẹ́ wọ inú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé àwọn baba wa kò mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú wèrè kò tíì wádìí.

Ohun tí ìtọ́jú àtijọ́ kò ní púpọ̀ ni ọ̀nà láti tọ́jú bárakú. Ẹmu àti ọtí wà, ọ̀mùtí sì wà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́yà àti ìkìlọ̀ ni a fi ń tọ́jú ọ̀mùtí. Igbó ní tirẹ̀ kò tíì gbilẹ̀ láàárín wa nígbà náà.

Láti Yábàá dé Àrò

Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀, wọ́n ṣe òfin lórí wèrè ní ọdún 1906. Òfin náà fún adájọ́ ní agbára láti ní kí wọ́n fi ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sí àhámọ́. Wọ́n ti ṣí ilé wèrè kan sí Kàlàbá ní ọdún 1904. Wọ́n ṣí èkejì sí Yábàá ní ìlú Èkó ní ọdún 1907. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Àtìmọ́lé ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ìlú lè sinmi ni wọ́n ṣe kó wọn síbẹ̀, kì í ṣe kí ara wọn lè yá. Ní ọdún 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ, tí àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun àgbáyé kejì bọ̀ sì wà lára wọn.

Ẹni tó yí ìtàn padà ni Thomas Adéoyè Lámbò. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1923, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wálé ní ọdún 1954 láti wá darí ilé ìwòsàn Àrò. Wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán nígbà tó dé. Lámbò kò dúró de bíríkì. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ará ilé rẹ̀ kan lọ́wọ́: ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú lówùúrọ̀. Ní ọ̀sán àti ní alẹ́, àárín ènìyàn ni ó wà. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà Fásitì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì tún di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ọgbọ́n tó wà nídìí ètò Àrò rọrùn, ó sì jinlẹ̀: má ṣe gé aláìsàn kúrò lára ohun tó sọ ọ́ di ènìyàn. Ilé, èdè, ẹbí, oògùn òyìnbó àti oògùn ìbílẹ̀, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Igbó dé, òfin sì tẹ̀lé e

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn gbà ni pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni igbó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ ogun tó ti Bọ́mà àti Íńdíà bọ̀ àti àwọn atukọ̀ òkun sì mú un wálé. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà Àrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì rẹ̀. Ní ọdún 1964, Dókítà Tọ́láni Àsúnì, tó gba ipò lọ́wọ́ Lámbò ní Àrò, kọ ìwé nípa wàhálà tí igbó ń fà fún ọpọlọ àti fún àwùjọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1965, Lámbò fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ nípa bárakú oògùn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìwé ìròyìn kan náà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ lórí oògùn olóró ni méjèèjì ti jáde. Nítorí náà, kó tó di ọdún 1966, àwọn dókítà wa ti mọ̀ pé ìbéèrè ọpọlọ àti ìbéèrè igbó ti wọnú ara wọn.

Kí ni ìjọba wá ṣe? Ní ọdún 1966, ìjọba ológun gbé òfin igbó jáde. Ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán. Ẹni tó ń mu ún náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1975, wọ́n mú ìdájọ́ ikú kúrò, wọ́n sì dín ìyà ẹni tó ń mu ún kù gidigidi. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun mìíràn tún dá ìdájọ́ ikú sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé kokéènì. Ní ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró. Ní ọdún 1989, wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀.

N kò sọ pé kí ìjọba fi àwọn tó ń ta oògùn olóró sílẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni bí ilẹ̀kùn ṣe di méjì. Òfin wèrè tó ti wà láti ìgbà òyìnbó ló ń darí ilẹ̀kùn kan, dókítà ló sì wà níbẹ̀. Òfin igbó ló ń darí èkejì, ọlọ́pàá àti wọ́dà ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tí àìsàn méjì dìmú, ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ tì í sí ni yóò gbà wọlé.

Ìyá kan ní Ọ̀kà

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan wà ní Ọ̀kà tí ìdílé wa mọ̀ dáadáa. Gàrí ni ó ń tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́ náà. Nígbà tó tó ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó ní àwọn ará àdúgbò ń gbìmọ̀ láti pa òun. Ó ti ń mu igbó láti ilé ìwé. Nígbà tí ohùn náà dé, ó fi kún un, nítorí ó ní òun máa ń rí oorun sùn bí òun bá mu ún, ó sì tún fi ògógóró kún igbó.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé oníṣègùn. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sílé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún fa igbó lé e lọ́wọ́, àìsàn náà sì padà. Lẹ́yìn èyí, ọlọ́pàá mú un pẹ̀lú igbó nínú àpò, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n díẹ̀ láìsí oògùn ọpọlọ kankan. Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ lọ fi igbó àti ọtí sílẹ̀, kí wọ́n tó gbà á. Ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ tó ń mu oògùn olóró. Ìyẹn ní wèrè ni eléyìí, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo orí rẹ̀ sàn. Ìyá náà sọ fún ìyá mi pé, “Àwọn yìí ní kí n gbé ìdajì ọmọ mi wá. Ibo ni kí n fi ìdajì tó kù sí?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò tíì gbọ́ àlàyé tó mọ́lẹ̀ jù báyìí lọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé kankan.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe náà

Kí a má ṣe rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba dá àjọ ìwádìí sílẹ̀ fún àrùn ọpọlọ ní ọdún 1949, òmíràn fún bárakú ọtí ní ọdún 1970, òmíràn fún bárakú oògùn ní ọdún 1974. Ọ̀tọ̀ ni owó wọn, ọ̀tọ̀ ni ilé wọn, ọ̀tọ̀ ni òṣìṣẹ́ wọn. Ìṣòro ìyá gàrí yìí náà ni àwọn ìyá ibẹ̀ ní. Láti àwọn ọdún 1980 ni Dókítà Robert Drake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Hampshire ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà mìíràn wò: kí àwùjọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo máa tọ́jú àìsàn méjèèjì pọ̀, ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ìjọba gbé ìlànà jáde ní ọdún 2002 pé ilé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ni kí ó gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ìlànà àjọ NICE ti ọdún 2011 tún là á mọ́lẹ̀: ilé ìtọ́jú ọpọlọ kò gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí pé ó ń mu oògùn olóró, ibi ìtọ́jú bárakú kò sì gbọdọ̀ lé e nítorí àrùn ọpọlọ.

Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́jú méjèèjì pọ̀? Ìdí ni pé ọ̀kan ń bọ́ èkejì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Sweden, tó jáde ní ọdún 1987, tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tó wọṣẹ́ ológun tó lé ní 45,000 fún ọdún 15. Àwọn tó ti mu igbó ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó wọṣẹ́ ní àrùn ọpọlọ líle tí à ń pè ní schizophrenia ní ìlọ́po mẹ́fà àwọn tí kò mu ún rí. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn amugbó kò ya wèrè. Nítorí náà, ẹni tó ní igbó nìkan ló fà á kò sọ òtítọ́ tán. Ẹni tó ní igbó kò mọ nǹkan kan níbẹ̀ náà kò sọ òtítọ́. Bí ènìyàn bá ní àìlera tó fara sin, igbó lè ṣí i sílẹ̀. Nígbà tó bá sì ṣí, aláìsàn lè máa mu igbó tàbí ọtí láti pa ariwo inú orí rẹ̀, oògùn tí dókítà fún un kò sì ní ráyè ṣiṣẹ́.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàṣẹ. Wọn kì í ní kí aláìsàn kọ́kọ́ jáwọ́ kí wọ́n tó wò ó. Wọn a fún un ní oògùn ọpọlọ, nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọn a máa bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí igbó ń ṣe fún un àti ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn a kọ́ àwọn ará ilé. Wọn a wá iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Bí ó bá ṣubú padà, wọn kì í lé e. Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára gidigidi kò sì gbọdọ̀ já a lójijì nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́, nítorí ó lè gbọ̀n, kó dákú, kó sì kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ti ń dín in kù. Ibi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ kí ọtí tàbí tramadol lè jáde lára rẹ̀ léwu ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ibi tí a dé lónìí

Ní ọdún 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjẹ́ ti Fásitì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Oǹdó sì wà lára wọn. Nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le, nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún péré ló rí ìtọ́jú kankan láàárín oṣù 12. Ní ti oògùn, ìwádìí tí àjọ UNODC ṣe pẹ̀lú ìjọba, tó ń sọ nípa ọdún 2018, fi hàn pé àwọn ará Nàìjíríà mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Igbó ló borí. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, iye náà jẹ́ 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ga ju ti gbogbo ẹkùn yòókù lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbin igbó jù ní Nàìjíríà. Lọ́dọọdún ni NDLEA ń jó oko igbó nínú aginjù rẹ̀. Ní ọdún 2018 kan náà, ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tí kodíìnì wà nínú rẹ̀ wọlé.

Ní ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò tíì tán. Àjọ Human Rights Watch bẹ ibi ìtọ́jú 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá láàárín ọdún 2018 sí 2019. Wọ́n bá ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n irin nílé ìjọba, nílé oníṣègùn, nílé ìjọsìn Kìrìsítẹ́nì àti ti Mùsùlùmí.

Ìròyìn ayọ̀ náà wà. Ilé ìwòsàn Àrò ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní DATER fún ìtọ́jú bárakú, nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ìtọ́jú ọpọlọ. Ní ọdún 2020, Gúrèjẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì mìíràn jáde láti Ìbàdàn àti Kumasi ní Gánà. Wọ́n mú aláìsàn ọpọlọ líle 307 tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ìlera ń wá bá oníṣègùn náà ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú yá ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé ọgbọ́n Lámbò ló padà wá? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó gba ipò òfin wèrè àtijọ́. Òfin tuntun náà ka ìtọ́jú bárakú oògùn mọ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Lórí ìwé, ilẹ̀kùn méjèèjì ti di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n láti Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́, ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn fún ìyá tó ń ta gàrí, ti Abẹ́òkúta sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú méjèèjì ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí abẹ́rẹ́ oṣooṣù náà wà, kí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè àdúgbò sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Àkókó kún fún èdè: ẹni Ìkàrẹ́ àti ẹni Ọ̀kà ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn ará Àrìgìdì àti àwọn tó ń sọ Ùkàán àti Àkpẹ̀ṣì ní èdè tiwọn lọ́tọ̀. Ohùn tí aláìsàn ń gbọ́ nínú orí rẹ̀, èdè abínibí rẹ̀ ló sábà máa ń sọ. Ta ni yóò tú u fún dókítà?

Ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀. Mo dábàá pé kí a máa pe ipò yìí ní “àìsàn ajùmọ̀gbé”, nítorí pé àìsàn méjì ló jùmọ̀ ń gbé nínú ènìyàn kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, mo ṣe tán láti gbà á. Ohun tí mo fẹ́ ni orúkọ tí kò tíì dá ẹjọ́ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa tó sọ pé wèrè tó wọjà kò ṣeé wò, àwọn náà ló sọ pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọ̀rọ̀ kejì ni kí a dì mú.

Ọmọ ìyá gàrí náà ṣì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí dókítà kan tó gbà láti tọ́jú gbogbo rẹ̀ pọ̀, nílùú mìíràn. Abẹ́rẹ́ ni ó ń gbà lóṣooṣù báyìí. Ó ti padà sídìí igbó lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni dókítà náà sì tún gbà á padà. Ní àwọn ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá dá, ó máa ń kan àga. Ọ̀kan nínú àwọn àga náà ni mo jókòó lé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjà Ìkàrẹ́ ni ó ti ń ta àwọn yòókù. Ẹ ò rí i bí? Òun náà ti wọjà.